Sí Àbẹ̀kẹ́, Tó Fẹ́ Fẹ́ Ọmọ Tí Ń Pariwo Nínú Kásẹ́ẹ̀tì

Mushin,
Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú.

Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ ìyá mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Àwọn tí ẹ jọ ń gbé ńkọ́? Ara tèmi le, ẹnu mi náà sì ń ṣiṣẹ́, bí o ṣe máa rí i nísinsìnyí.

Mo mọ̀ pé ẹnu máa yà ọ́ pé mo kọ lẹ́tà láti Mushin sí Surulere, ibi tí mo lè fẹsẹ̀ rìn dé kí ẹ̀wà tó jiná. Ìdí rẹ̀ ni pé bí mo bá wá fúnra mi, wàá máa já lu ọ̀rọ̀ mi. Bí mo bá sọ ọ̀kan, ìwọ á sọ mẹ́fà, èmi á bínú, màá gbé fìlà mi, màá sì ti máa lọ sílé kí n tó rántí pé mi ò tíì sọ ohun tí mo bá wá. Ìwé kò ṣeé já lu. Jókòó kà á.

Láti ìgbà tí bàbá wa ti kú ni mo ti wà ní ipò rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ rẹ. Mo mọ̀ pé ọdún tí mo fi jù ọ́ lọ kò tó kí n máa pe ara mi ní bàbá ẹnikẹ́ni. Irùngbọ̀n mi gan-an kò tíì kún. Ṣùgbọ́n èmi ni mo mú ọ lọ sí ilé ìwé lọ́jọ́ tí o gé olùkọ́ jẹ, èmi náà ni mo sì dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá ti bẹ olùkọ́ nítorí ọmọ ti di bàbá ọmọ náà, wọn ì báà bí i láná.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ kò fara sin. O ní Dàpọ̀ lo fẹ́ fẹ́. Dàpọ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó ń tún fìríìjì ṣe ní Yaba, fìríìjì tó bá sì tún ṣe, kì í padà wá. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti di ọjọ́ Sátidé, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì a ti ara wọn mọ́ yàrá, wọn a lu gìtá tó ń ké bí ayùn, wọn a pariwo lé e lórí, wọn a fi rédíò kékeré gbà á sílẹ̀, wọn a sì máa pín kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Ó ní pọ́ńkì ni wọ́n ń pè é lókè òkun. Bàbá Láyíwọlá, ẹ̀gbọ́n bàbá wa, ti gbọ́ nílé pé akọrin ni ọmọ náà, wọ́n sì ti ránṣẹ́ pé, “A kì í fọmọ fún alágbe.” Ìwọ náà jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi, o ní bí mi ò bá fọwọ́ sí i, o ò ní fẹ́ ẹ lẹ́yìn mi, ṣùgbọ́n o ò ní fẹ́ ẹlòmíràn títí láé. O sunkún, o jẹ ìrẹsì mi tán, o lọ.

Mo ní kí o fún mi láyè kí n gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì náà dáadáa kí n tó sọ̀rọ̀. Mo ti gbọ́ ọ. Mo tilẹ̀ ti gbé e dé ọ̀dọ̀ Bàbá nílé. Ìdáhùn rẹ wà nínú ìwé yìí, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn ló máa ṣáájú, nítorí mo mọ ẹni tí mo tọ́. Bí o bá kọ́kọ́ rí ìdáhùn, o ò ní ka ìmọ̀ràn.

Èkíní: má ṣe dá orin lẹ́jọ́ nítorí ohun tó bá a wọlé.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti abúlé dé, tí mo gba iṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ bísíkíìtì ní Ìlúpéjú, rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì ni ohun tí mo kọ́kọ́ rà, kí n tó ra ìrọ̀rí. Ṣọ́ọ̀bù Àlàó níbí ni mo ti ń ra kásẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọ̀gá olórin ni Àlàó ń tò síwájú, ṣùgbọ́n ó ní pákó kan lẹ́yìn tó ń kó ti àwọn tí ẹnìkan ò mọ̀ sí, àwọn tó gba orin wọn sílẹ̀ fúnra wọn nílé, tí wọ́n fi bírò kọ orúkọ sí i lára. Níbẹ̀ ni mo ti ra ti Bàbá Tìámíyù, apẹja kan ní Ìwáyà tó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ fi gìtá kọrin. Mo délé, mo fi í sínú rédíò. Ohùn bàbá náà dùn bí àádùn. Àfi bí ewúrẹ́ kan ṣe ké láàrin orin. Mo yí i padà, mo tún un gbọ́, ewúrẹ́ náà tún ké. Mo yọ kásẹ́ẹ̀tì, ó di ọ̀dọ̀ Àlàó.

“Àlàó, ewúrẹ́ wà nínú ọjà rẹ.”

“Mo mọ̀.”

“Fún mi ní èyí tí kò ní ewúrẹ́.”

“Kò sí. Gbogbo wọn ló ní in.”

“O wá ń ta ohun tó bà jẹ́ fún èèyàn?”

“Ẹ̀gbọ́n, kò bà jẹ́. Bàbá ń kọrin, ewúrẹ́ ń kọjá. Èwo lẹ fẹ́ kó dákẹ́ nínú àwọn méjèèjì?”

“Ewúrẹ́ ni!”

Èèyàn ti pé lé wa lórí. Ọkùnrin kan tó wá ra bátìrì ní kí wọ́n fi orin náà sí i kí gbogbo ayé gbọ́ ẹjọ́. Wọ́n fi í sí i. Nígbà tí ewúrẹ́ ké, ọkùnrin náà lu itan, ó ní, “Ó tún bọ́ sójú ìlù!” Mo fetí sí i. Òótọ́ ni. Ó bọ́ sójú ìlù. Ọkùnrin náà ní kí n tà á fún òun. Mo ní mi ò tà. Mo fi ìbínú gbé ewúrẹ́ mi lọ sílé.

O mọ̀ mí, ọ̀rọ̀ tí kò bá tíì tán kì í jẹ́ kí n jẹun. Mo wá Bàbá Tìámíyù kàn ní Ìwáyà. Mo bá a níbi tó ti ń tún àwọ̀n ṣe. Okùn gìtá rẹ̀ kan ti já, okùn ìpẹja ló fi dípò rẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tí kò lọ sí sítúdíò, níbi tí ẹran ọ̀sìn kò ti ní dá sí i.

“Mo lọ o,” ó ní. “Wọ́n fi mí sínú yàrá kan tí nǹkan kan ò ti dún. Wọ́n ní kí n máa kọ ọ́. Orin náà fò kúrò lórí mi. Mo wá jókòó síbẹ̀ bí ẹni tó ń retí onígbàjámọ̀.”

“Ewúrẹ́ yẹn ńkọ́, Bàbá?”

“Ti ìyàwó mi ni. A ti pa á jẹ nígbà Iléyá.” Ó fi abẹ́rẹ́ àwọ̀n họ orí. “Ẹ ò rí i pé ẹ tètè rà á.”

Àbẹ̀kẹ́, bí o bá fẹ́ Dàpọ̀, ewúrẹ́ tirẹ̀ máa bá a wọlé. Irun rẹ̀ tó rí bí ìtẹ́ ẹyẹ máa bá a wọlé. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì tí kì í kan ilẹ̀kùn máa bá a wọlé. Wáyà máa wà nílẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí àdìrò. Má tan ara rẹ pé wàá fọ̀ ọ́ mọ́ tó bá yá, wàá fá irun rẹ̀, wàá kó wáyà, á wá máa kọrin jẹ́ẹ́jẹ́ bí akọrin ìjọ. Obìnrin tó fẹ́ ọkùnrin nítorí ohun tó máa sọ ọ́ dà, ẹlòmíràn ló fẹ́. Bí o ò bá lè bá ewúrẹ́ náà gbé, sọ ọ́ kí àwọn àgbà tó jókòó.

Èkejì: kí o tó sọ pé orin kan burú, yẹ rédíò tìrẹ wò.

Èyí ṣojú rẹ, má rẹ́rìn-ín. Àlàó sọ fún mi pé téèpù máa ń fi ìdọ̀tí sára irin kékeré tó ń fara kàn nínú rédíò, pé kí n máa fi òwú àti sípírítì nù ún jẹ́jẹ́. Mo gbọ́ “ìdọ̀tí,” mi ò dúró gbọ́ “jẹ́jẹ́.” Ta ló máa kọ́ mi ní bí wọ́n ṣe ń fọ ohun èlò? Mo mú kànrìnkàn irin, mo rì í bọ karosíìnì, mo fọ irin náà títí tó fi ń dán bí ojú ọ̀bẹ Iléyá. Láti ọjọ́ náà lọ, gbogbo ẹni tó bá kọrin nínú rédíò mi, abẹ́ omi ló ti ń kọ ọ́. Mo bú gbogbo olórin tó wà ní Èkó. Mo ní ọtí ti jẹ wọ́n lóhùn. Mo ní ayé ti bà jẹ́, pé nígbà tiwa orin máa ń dùn, bẹ́ẹ̀ ìgbà tiwa yẹn kò tíì pé ọdún méjì. Mo padà lọ bá Àlàó jà. Ìwọ lo wọlé lọ́jọ́ kan, tí o dúró, tí o yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé rédíò yìí ń ṣòjòjò ni?”

“Orin ló ń ṣòjòjò.”

O ò bá mi jiyàn. O kàn na ọwọ́, o yí i kúrò ní kásẹ́ẹ̀tì sí ibi tí wọ́n ti ń ka ìròyìn. Ohùn ọkùnrin náà mọ́ kedere bí ẹni tó jókòó tì wá. Ẹ̀yin méjèèjì ń wò mí, ìwọ àti rédíò. Mo ní ebi ń pa mí.

Ìwọ náà ní irin kékeré tìrẹ. Ó máa ń rẹ̀ ọ́ bí o bá ti ibi iṣẹ́ dé, ohun tó bá sì kọ́kọ́ dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ lo máa ń bínú sí. Dàpọ̀ á fẹ́ kí o gbọ́ orin tuntun kí o tó bọ́ bàtà. Má gbọ́ ọ nígbà náà. Sọ fún un pé, “Jẹ́ kí n jẹun ná.” Bí o bá jẹun tán, jókòó, gbọ́ ọ dé òpin, kí o sì sọ òótọ́. Bí kò bá dáa, kò dáa. Má ṣe sọ pé ó dùn nítorí ìfẹ́. Bí o bá parọ́ fún un lórí ọ̀kan, inú rẹ̀ á dùn, á kọ mẹ́wàá mìíràn tó jọ ọ́, ìwọ náà lo sì máa gbọ́ gbogbo wọn.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí gbogbo Yaba mọ̀. Ìdajì rẹ̀ ni wọ́n sọ fún ọ. Jẹ́ kí n sọ ọ́ fúnra mi.

Ọ̀sán Sátidé kan ni mo gbé gàárì àti epo wá fún ọ. O ò sí nílé. Bí mo ṣe ń yí padà ni mo gbọ́ igbe láti yàrá ẹ̀yìn: “Fi mí sílẹ̀! Fi mí sílẹ̀! Fi mí sílẹ̀!” Irin ń han. Nǹkan ń fọ́. Ìyá Rọ́ṣídì tó ń gbé yàrá iwájú jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń pa ẹ̀gúsí.

“Ìyá, ẹ ò gbọ́ ni?”

“Mo ń gbọ́.”

“Wọ́n ń pa èèyàn!”

“Wọ́n ti ń pa á láti àárọ̀.” Ó fẹ́ èèpo kúrò lọ́wọ́. “Bí ebi bá pa wọ́n, wọ́n á sinmi.”

Mo ní irú ilé wo ni àbúrò mi ń gbé yìí? Níbi tí wọ́n ti tọ́ wa, ẹni tó gbọ́ ìjà tí kò là á, òun náà wà nínú ìjà náà. Bí o bá ń wẹ̀ lọ́wọ́, wàá fi aṣọ dìdí, wàá fi ọṣẹ lójú sáré jáde. Mo ju gàárì sílẹ̀. Mo fi èjìká ṣí ilẹ̀kùn.

Ohun tí mo rí nìyí. Fóòmù tí wọ́n ń sùn lé ni wọ́n fi dí fèrèsé. Ọkùnrin mẹ́ta ń làágùn bí ẹni tó ń gúnyán ìgbéyàwó. Ọ̀kan ń fi igi lu agolo ọ̀dà. Ọ̀kan di gìtá mú bí ẹni tó di adìẹ tó fẹ́ sá lọ. Dàpọ̀, ẹni tó ni yàrá náà, ni ẹ̀kẹta, gbogbo iṣan ọrùn rẹ̀ ti yọ, máìkì sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ inú ẹnu rẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà ni mo tó mọ̀ pé gìtá ni, pé máìkì ni. Ìjà ni mo rí. Mo gbá Dàpọ̀ mú níbàdí.

“Fi mí sílẹ̀!” ló ké.

“Mi ò ní fi ọ́ sílẹ̀!” lèmi náà ké.

“Fi mí sílẹ̀!”

“Mi ò fi ọ́ sílẹ̀, àfi kí o sọ ohun tí wọ́n ṣe fún ọ!”

“Fi mí sílẹ̀!”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọmọ ìyá! Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ obìnrin ni, obìnrin pọ̀ ní Surulere!”

Àbẹ̀kẹ́, wọn ò dúró. Ẹni tó ń lu agolo tún yára sí i ni. Mo wá rí i pé agbára ò ní ṣe é, mo bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàrin wọn, mo ń fi Ọlọ́run bẹ̀ wọ́n, mo ń fi ìyá tó bí wọn bẹ̀ wọ́n. Fìlà mi ti bọ́. Wáyà ti wé mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Níbi tí mo dùbúlẹ̀ sí ni mo ti rí ohun tí mi ò tíì sọ fún ọ títí di òní. Ọmọ yẹn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ariwo kò kúrò lẹ́nu rẹ̀, kò sì ṣì í, ṣùgbọ́n ó fi ọwọ́ kan tú wáyà kúrò lẹ́sẹ̀ mi, ó gbọn eruku fìlà mi, ó dé e sí mi lórí, ó sì dìde, ó ń bá ariwo rẹ̀ lọ.

Nígbà tó parí, ó tẹ rédíò kan tó wà lórí àga pa, ó sì dọ̀bálẹ̀ níwájú mi. Àwa méjèèjì wá wà nílẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, sà. Orin là ń gbà sílẹ̀.”

“Orin?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Ta ló wá ń nà yín?”

Mo ní kí wọ́n yọ ohùn mi kúrò. Wọ́n ní kò ṣeé yọ, máìkì kan ṣoṣo ló gba gbogbo wa pọ̀. Mo ní kí wọ́n tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n wo ara wọn. Onígìtá ní kò lè dára tó báyìí mọ́ láé. Nígbà tó fi máa pẹ́ díẹ̀, wọ́n ti dà á láti kásẹ́ẹ̀tì dé kásẹ́ẹ̀tì káàkiri Yaba. Ní ilé iṣẹ́ wa, bí mo bá ti wọlé, ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà á ní, “Fi mí sílẹ̀!” gbogbo àwọn tó ń di bísíkíìtì á sì gbè é pé, “Mi ò ní fi ọ́ sílẹ̀!” Àlàó ti gbé e sórí pákó rẹ̀. Ó fi bírò kọ ọ́ sí i lára pé ẹ̀gbọ́n tí ń bẹ̀bẹ̀ wà níbẹ̀. Ó ń bi mí ìgbà tí mo máa ṣe òmíràn.

Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo ariwo ni ìjà. Mo sì mọ ọkùnrin kan ní àdúgbò wa tí ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù, tí ìyàwó rẹ̀ máa ń wá sunkún ní ọ̀dọ̀ àwọn ará ilé. Nítorí náà, bí ẹnu ọkùnrin bá ń pariwo, ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe ni kí o máa wò. Ti Dàpọ̀, mo ti wò ó. Ṣùgbọ́n ẹ ó jà, kò sí lọ́kọláya tí kì í jà. Bí ẹ bá fẹ́ jà, ẹ má jà ní ọ̀sán Sátidé, nítorí kò sẹ́ni tó máa là yín. Ìyá Rọ́ṣídì á máa pa ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ.

Àwọn tó kù, mi ò ní fún wọn ní nọ́ńbà.

Má fi tipátipá mú ẹnikẹ́ni gbọ́ orin ọkọ rẹ. Nígbà kan tí ibà dá mi dúbúlẹ̀, ọ̀rẹ́ mi kan láti ibi iṣẹ́ wá kí mi, mo sì mú un gbọ́ ojú méjèèjì kásẹ́ẹ̀tì Bàbá Tìámíyù láìjẹ́ kó dìde. Ibà ti dá mi dúbúlẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà. Kò wá mọ́. Ẹni tí orin wù á wá a dé ẹ̀yìn pákó.

Bí téèpù bá rún nínú rédíò bí ìfun adìẹ, má fi ìbínú fà á. Fi bírò yí i padà díẹ̀díẹ̀. Mo fa ọ̀kan já rí, o mọ èyí tí mo ń wí: èyí tí mo gba ohùn ìyá wa sí níbi tí wọ́n ti ń bó ẹ̀gẹ́, tí wọ́n ń kì ọ́, tí wọ́n ń kì mí, tí ọ̀bẹ ń dún lábẹ́ rẹ̀. Mo rò pé ó ti lọ bí ìyá wa fúnra wọn ṣe lọ. Mi ò sọ fún ọ pé Dàpọ̀ ló lẹ̀ ẹ́. Mo gbé e fún un láti dán an wò, mo ní kó fi kún un tàbí kó tún un ṣe bó bá ṣe wù ú. Ó dá a padà, ó ní òun kò fọwọ́ kan nǹkan kan mìíràn. Ó lẹ ojú ibi tó já pọ̀, ó ku ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí kò ríbi gbà padà. Bí orin bá dé ibẹ̀, èmi ni mo máa ń fi ẹnu sọ ọ̀rọ̀ náà, ìyá wa á sì máa bá a lọ.

Ní ti alágbe tí Bàbá pè é, mo rò ó dáadáa. Ẹni tó ń ṣagbe máa ń wo ojú ẹni tó fẹ́ fún un ní nǹkan, kó lè mọ ohun tó máa sọ. Dàpọ̀ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kì í wo ojú ẹnikẹ́ni. Fìríìjì ló ń bọ́ ọ. Orin rẹ̀ ò tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ ayé, kò tilẹ̀ bẹ̀ ọ́ pé kí o fẹ́ràn òun. Ṣùgbọ́n bó bá jí lọ́jọ́ kan tó ní òun fi fìríìjì sílẹ̀ kí òun lè máa pariwo láti àárọ̀ dalẹ́, má dúró jiyàn. Wá pè mí.

Ó yá, jẹ́ kí n sọ bí ilé ṣe rí.

Mo wọ rélùwéè ní Ìdó lọ sí Òṣogbo, mo gbé rédíò mi dání. Lójú ọ̀nà mo ní kí n tún kásẹ́ẹ̀tì náà gbọ́ díẹ̀, kí n lè mọ ohun tí mo máa fi gbèjà rẹ̀. Ìyá àgbà kan tó jókòó tì mí gbọ́ ọ fún ìgbà díẹ̀, ó bó ọsàn kan, ó gbé e ka orí rédíò. Ó ní, “Fún un. Ọ̀fun rẹ̀ á ti gbẹ.”

Mo bá Bàbá Láyíwọlá lábẹ́ igi máńgòrò. Mo dọ̀bálẹ̀. Wọn ò tíì ní kí n dìde tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

“Ṣé nítorí alágbe yẹn lo ṣe wá béèrè lọ́wọ́ mi?”

“Rárá, Bàbá. Mi ò wá béèrè. Mo ti fún un.”

“O ti kí ni?”

“Mo ti fún un ní Àbẹ̀kẹ́. Mo wá kí ẹ lè gbọ́ ẹni tí mo fún.”

“Ìwọ ọmọ yìí! Orí rẹ le ju ti bàbá rẹ lọ, ti bàbá rẹ sì le ju òkúta! Ta ló fún ọ láṣẹ?”

“Ẹ̀yin ni. Nígbà tí a sin bàbá wa tán, ẹ ní láti ọjọ́ náà lọ kí n máa ṣe bàbá fún un. Ẹ ò sọ ibi tí mo ti máa dáwọ́ dúró.”

Bàbá ní kí n dìde, kí n gbé ariwo náà wá. Mo fi í sí i. Àbẹ̀kẹ́, ọ̀pọ̀ èèyàn ti gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì yẹn lójú mi, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ẹni tó gbọ́ ọ bí Bàbá ṣe gbọ́ ọ. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ sẹ́yìn etí, wọ́n tẹ̀ síwájú, wọn ò ní kí n dín in kù. Àwọn adìẹ sá wọgbó. Ìyá Àgbà ilé wa yọjú láti ilé ìdáná, wọ́n padà. Nígbà tí orin dé ibi tí mo ti wọlé, Bàbá wò mí, wọ́n wo rédíò, wọ́n tún wò mí.

“Ìwọ rèé?”

“Èmi ni, Bàbá.”

“O ń làjà?”

“Mo ń làjà.”

“O ṣe dáadáa. Má pa á.”

Nígbà tó parí, wọ́n fara ti igi. “Ọmọ yìí ń bínú,” ni wọ́n wí. “Ta ló ṣẹ̀ ẹ́?”

“Ẹ̀fọn ni, Bàbá.”

“Ẹ̀fọn?”

“Orin ẹ̀fọn ni. Wọn kì í jẹ́ kó sùn ní Surulere.”

Bàbá na ẹsẹ̀ wọn méjèèjì, wọ́n wo apá ọ̀nà odò tó wà lẹ́yìn ilé, wọ́n wò ó pẹ́. “Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń jẹ èmi náà níbí,” ni wọ́n wí. “Mi ò mọ̀ pé ó ṣeé sọ lójú wọn.” Lẹ́yìn náà, wọ́n ní, “Tún un fi sí i.”

Àbẹ̀kẹ́, Bàbá gbà. Èmi náà gbà, mo ti gbà kí n tó wọ rélùwéè. Fẹ́ Dàpọ̀ rẹ. Kí Ọlọ́run fi ayọ̀ sí i, kí ó fún yín ní ọmọ tí kì í ké lóru, nítorí bàbá wọn á fẹ́ gbà á sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun kan kù. Bàbá ní lọ́jọ́ tí àwọn ẹbí rẹ̀ bá wá mọ̀ wá, kí ẹnikẹ́ni tó fún wọn ní àga, Dàpọ̀ máa dúró láàrin àgbàlá, á sì fi orin tọrọ ìyàwó lọ́wọ́ ẹbí. Kò ní sí iná. Kò ní sí wáyà. Kò ní sí agolo. Àwọn obìnrin ilé wọn kò gbọ́dọ̀ gbè é. Òun nìkan, pẹ̀lú ohùn tí Ọlọ́run fún un. Mo ní kò sí wàhálà, Bàbá. Mo fọwọ́ sọ̀yà fún wọn.

Rélùwéè tí mo wọ̀ padà ti kọjá Ìbàdàn nígbà tí mo tó rántí pé mi ò tíì gbọ́ ohùn ọmọ yìí rí láìsí ariwo nídìí rẹ̀. Ìwọ ńkọ́? Àbẹ̀kẹ́, ṣé ó lè kọrin? Bá mi wádìí rẹ̀ lónìí kí o sì ránṣẹ́ sí mi. Bí kò bá lè kọ ọ́, ẹ wá orin kúkúrú, kó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọ kíá. Bí ọjọ́ bá pé, tí ohùn rẹ̀ há, tí gbogbo ẹbí ń wò ó, sọ fún un kó má sá, kó má sì tọrọ àforíjì. Kó máa kọ ọ́ lọ bó ṣe mọ̀ ọ́n kọ títí yóò fi dé òpin. Àárín àwọn bàbá ìyàwó ni màá jókòó sí, níbi tí àṣà kò ti gbà kí èèyàn tètè yọ̀ mọ́ ọkọ. Èmi ni màá kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

Àkànní,
ẹ̀gbọ́n rẹ.